Ṣé àṣà tí wọ́n bí wa sí ló ń sọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń kojú ewu?

Olórí-Ikọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ kan láti orílẹ̀-èdè mìíràn, èmi ni wọ́n sì ní kí n pa òṣìṣẹ́ méjèèjì pọ̀ di ikọ̀ kan. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀gá wa pátápátá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ yẹn, àṣà wọn ni kí wọ́n máa bẹ̀rù ewu, torí náà kí á má fi ìpinnu kankan sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sáà máa ṣe ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe.

Mi ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ò lè borí ọ̀gá. Ó ní àtẹ kan lórí fóònù rẹ̀ tí wọ́n to orílẹ̀-èdè sí, tí wọ́n kọ iye sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé bí wọ́n ṣe ń sá fún ohun tí kò dájú tó nìyí. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé lóòótọ́ ni ibi tí wọ́n ti bí òṣìṣẹ́ ló ń pinnu bóyá ilé-iṣẹ́ yóò la ìṣòro já? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi dá mi lóhùn.

---

Ẹnjiníà Àgbà

Olórí-Ikọ̀, gbé èyí lọ bá ọ̀gá yín.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní etíkun ìlà-oòrùn Jàpáánì, òkun sì ya wọ ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná núkílíà méjì wà ní etíkun yẹn tí ó yẹ kí á fi wé ara wọn. Fukushima Daiichi jẹ́ ti TEPCO, Onagawa sì jẹ́ ti Tohoku Electric. Onagawa ló sún mọ́ orísun ìmìtìtì ilẹ̀ náà jù. Ìgbì tó dé ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 13, ti Fukushima ga tó mítà 14 sí 15. Nínú Fukushima, omi wọ yàrá ìsàlẹ̀ tí àwọn jẹnẹrétọ̀ wà, iná kú, ohun ìdáná núkílíà inú ẹ̀rọ mẹ́ta sì yọ́ mọ́lẹ̀. Ní Onagawa, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta paná wọ́ọ́rọ́wọ́. Kódà àwọn ará àdúgbò tí omi gba ilé wọn sá wá sínú ọgbà ilé-iṣẹ́ iná náà, wọ́n ju 300 lọ.

Kí ló fà á? Orí ilẹ̀ tó ga ní mítà 14.8 ni wọ́n kọ́ Onagawa sí. Yanosuke Hirai, tó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, ló fi dandan lé e nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀. Àwọn yòókù rò pé mítà 12 ti tó. Ó mọ̀ nípa ìgbì ńlá tó ya bo agbègbè náà ní ọdún 869, kò sì gbà kí wọ́n fojú fò ó. Ó kú ní 1986, kò fojú rí ohun tí ó gbà lọ́wọ́ omi. Ní Fukushima, ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 35 tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé e wálẹ̀ di mítà 10.

Orílẹ̀-èdè kan náà, èdè kan náà, àwọn ẹnjiníà tí wọ́n jọ lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ìgbì ọjọ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé àṣà orílẹ̀-èdè ló ń pinnu gbogbo rẹ̀, báwo ni ọ̀kan ṣe yè tí èkejì sì parun?

---

Màmá Òṣìṣẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n, Ẹnjiníà. Àpẹẹrẹ yẹn wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rọra, kí á má lọ sọ pé àṣà kì í ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ mi láti ọdún pípẹ́, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ènìyàn máa ń bá a wọ ọ́fíìsì.

Ẹ wo ọkọ̀ òfuurufú Avianca 52, tó ń bọ̀ láti Kòlóḿbíà lọ sí New York ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1990. Wọ́n dá a dúró lójú ọ̀run títí epo fi fẹ́ẹ̀ tán. Igbákejì awakọ̀ sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ pé epo àwọn ń tán lọ, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kankan pe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì jáde lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀rọ̀ lásán létí àwọn tó gbọ́ ọ. Ọkọ̀ já lulẹ̀, ènìyàn 73 kú nínú 158.

Ẹni tí wọ́n kọ́ pé kí ó máa fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó jù ú lọ yóò rọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí òun ṣe mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Ẹni tó ń gbọ́ ni kò mọ bí ó ṣe wúwo tó. Nítorí náà, Olórí-Ikọ̀, mi ò ní sọ fún ọ̀gá yín pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ikọ̀ méjèèjì. Ìyàtọ̀ wà. Ibi tó gbé e gbà ni mi ò fara mọ́.

---

Ẹyẹ Ojú Sánmà

Màmá, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ fi ọ̀kan tì í. Iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni mo ń ṣe.

Ní oṣù Kejìlá 1978, ọdún mọ́kànlá ó lé kí ti Avianca tó ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ United 173 já lulẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú Portland ní Amẹ́ríkà. Kò sí ohun tó pa á ju pé epo tán nínú rẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ ń ronú lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń yí po lójú ọ̀run. Àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ mọ̀ pé epo ń lọ, wọ́n ń mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò le tó láti yí i lọ́kàn padà. Ènìyàn 10 kú. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, ibi tí gbogbo ayé ń sọ pé ọmọdé ń pe ọ̀gá lórúkọ.

Ẹ tún wo Tenerife, erékùṣù Spéènì kan, ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1977, ènìyàn 583 kú nígbà tí ọkọ̀ KLM àti ti Pan Am kọlu ara wọn nínú kùrukùru. Ará Nẹ́dálándì ló wà nínú ọkọ̀ KLM, àwọn tí ayé mọ̀ sí ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ náà béèrè bóyá Pan Am ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń sáré lọ. Ẹnjiníà náà ò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá awakọ̀ yìí ni olórí àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ Boeing 747 ní ilé-iṣẹ́ náà, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó. Ta ló máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò tíì tó àkókò?

Ìwọ̀n ipò láàárín yàrá kékeré yẹn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ọ̀gá kan bá ti ga ju kí á bi í léèrè lọ.

---

Màmá Òṣìṣẹ́

Mo gbà, ọmọ mi. O ṣeun.

---

Ọ̀rọ̀-Ò-Pọ̀

Ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Owó ni. Ilé-iṣẹ́ tó lówó á kọ́ ògiri gíga, èyí tí kò lówó á kú. Àṣà ò sí níbẹ̀.

---

Aṣírò-Owó

Ọ̀rọ̀-Ò-Pọ̀, TEPCO kì í ṣe tálákà. Òun ló tóbi jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní Jàpáánì. Tohoku Electric tó kéré sí i ló kọ́lé sórí òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú owó tí o sọ yẹn wá sí ìdí iṣẹ́ tèmi, torí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń pín owó ni mo fi ń mọ àṣà rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo máa ń béèrè pé irú ìwà wo ni wọ́n ń san àjẹmọ́nú lé lórí.

Barings jẹ́ báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1762. Ní 1995, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣòwò fún wọn ní Síńgápọ̀, Nick Leeson, pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 827 pọ́n-ùn, báńkì náà sì wó. Báńkì ING rà á ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Òun ló ń ṣòwò, òun náà ló ń bójú tó àkọsílẹ̀ òwò ọ̀hún. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ìṣirò owó mọ̀ pé ènìyàn kan kì í di ipò méjèèjì mú. Àwọn ọ̀gá ní London ń rí èrè ńlá tó ń wọlé lórí ìwé, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí i bó ṣe ń béèrè. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú èrè wọlé, ó ṣòro kí ẹnì kan bi í pé báwo ló ṣe ń rí i.

Ẹ wá fi Handelsbanken ti Swídìn wé e. Láti àwọn ọdún 1970 ni ọ̀gá rẹ̀, Jan Wallander, ti yí i padà: ìpinnu yíyá owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka, ẹni tó bá yá oníbàárà lówó ni yóò máa gbé pẹ̀lú gbèsè náà. Wọn kì í fi àjẹmọ́nú ẹnì kọ̀ọ̀kan sá eré bí ti àwọn báńkì yòókù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrè tí òṣìṣẹ́ ń pín máa ń wọ inú àpò kan tí wọ́n ń gbà ní ọjọ́ ogbó. Nígbà tí báńkì ilẹ̀ Swídìn ń wó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ìjọba ń gbà wọ́n sílẹ̀, Handelsbanken kò gba owó ìjọba. Ó tún la ìṣòro owó àgbáyé ti 2008 já.

Kíyè sí i, Olórí-Ikọ̀: báńkì tó fi ìpinnu sọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ṣọ́ra jù. Òdìkejì ohun tí ọ̀gá yín ń rò ni.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Títí-Láé

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àtẹ tó wà lórí fóònù ọ̀gá, torí mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Geert Hofstede, ọmọ Nẹ́dálándì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lo ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé ìbéèrè tó ju 100,000 lọ, tí wọ́n gbà ní nǹkan bíi 1967 sí 1973. Ọ̀kan nínú ohun tó wọ̀n ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń yẹra fún ohun tí kò dájú. Gíríìsì gba 112, Síńgápọ̀ gba 8, Jàpáánì gba 92.

Níbí ni àwọn ọ̀gá ti máa ń ṣi àtẹ náà lò. Àkọ́kọ́, iye àròpọ̀ orílẹ̀-èdè ni. Kò sọ nǹkan kan fún ọ nípa ẹni tó jókòó níwájú rẹ. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, Hofstede fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́: yíyẹra fún ohun tí kò dájú yàtọ̀ sí yíyẹra fún ewu. Ẹni tí àìdánilójú ń ni lára ń fẹ́ òfin, ìlànà, àkọsílẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo. Ó lè kọrí sínú ewu ńlá tààrà bí ewu náà bá ti jẹ́ èyí tó mọ̀ tí ó sì ní orúkọ. Ohun tó ń lé e ni ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn.

Ẹ wá fi èyí ka ọ̀rọ̀ TEPCO. Ní 2008, ìṣirò tí wọ́n ṣe nínú ilé-iṣẹ́ náà fi hàn pé ìgbì lè ga tó mítà 15.7 ní Fukushima. Wọn ò kọ́ ògiri. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tún un yẹ̀ wò. Ọjọ́ 7 oṣù kẹta 2011, ọjọ́ mẹ́rin péré kí omi tó dé, ni wọ́n tó gbé e lọ fún àjọ tó ń bójú tó wọn. Bí wọ́n bá gba iye yẹn, a jẹ́ pé wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé pé ohun tí wọ́n pè ní ààbò pípé tẹ́lẹ̀ kò pé. Ìfẹ́ ìdánilójú ló mú kí wọ́n ti ìmọ̀ ewu sẹ́yìn. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi ìlànà rẹ̀ yangàn jù lè jẹ́ èyí tí ìròyìn tí kò bá ìlànà mu kò ní ráyè wọ̀.

---

Ọ̀rọ̀-Ò-Pọ̀

Ó dáa, mo gbọ́ ti Jàpáánì. Korean Air ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìtẹríba fún àgbà ló ń já ọkọ̀ wọn lulẹ̀.

---

Ẹyẹ Ojú Sánmà

Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, òótọ́ díẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ̀ 801 já lulẹ̀ ní Guam, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1997, ènìyàn 228 kú nínú 254. Àjọ ìwádìí Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀gá awakọ̀ kò múra sílẹ̀ dáadáa fún irú ìbalẹ̀ tó fẹ́ ṣe, àwọn méjì yòókù kò sì tọpinpin rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ka àárẹ̀ ọ̀gá awakọ̀ náà mọ́ ọn, àti àìpé ẹ̀kọ́ tí ilé-iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀. Ẹ̀rọ ilẹ̀ tó yẹ kó tọ́ ọkọ̀ wálẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tó yẹ kó kìlọ̀ fún àwọn adarí pé ọkọ̀ ti wálẹ̀ jù, àjọ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ti dín agbára rẹ̀ kù. Bí a bá sọ pé ìtẹríba nìkan ni, a ti dá gbogbo àwọn wọ̀nyí láre.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ mu jù ni ti Stansted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kejìlá 1999, ọkọ̀ ẹrù wọn kan. Ẹ̀rọ tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ hàn bà jẹ́ ní iwájú ọ̀gá awakọ̀, ti igbákejì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìkìlọ̀ ń dún. Igbákejì kò sọ nǹkan kan títí ọkọ̀ fi wólẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú.

Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọn ò yí àṣà ilẹ̀ Kòríà padà, ta ló lè ṣe ìyẹn? Ní 2000, wọ́n pe David Greenberg wá láti Delta, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, kí ó wá darí iṣẹ́ fífò ọkọ̀. Wọ́n yí ẹ̀kọ́ padà. Wọn ò fi ọjọ́ orí àti ipò tí ènìyàn dì mú nínú iṣẹ́ ológun pinnu ẹni tí yóò di ọ̀gá awakọ̀ mọ́. Wọ́n tẹnu mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí arìnrìn-àjò kan tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ wọn. Ọmọ Kòríà ló ṣì ń wa ọkọ̀ wọn, wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílé.

---

Màmá Òṣìṣẹ́

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀wọ̀ ni ọ̀tá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ kèǹgbè. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ lẹ́yìn Tenerife àti Portland, èyí tí NASA, àjọ ìrìn-àjò ojú ọ̀run Amẹ́ríkà, pe ìpàdé lé lórí ní 1979, kò ní kí igbákejì máa bú ọ̀gá. Ó fún un ní ọ̀nà láti gbé ọ̀rọ̀ sókè ní ìpele ìpele. Kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà sọ ohun tí o rí, lẹ́yìn náà sọ ohun tí o fẹ́ kí á ṣe, bí kò bá sì gbọ́, gba ọwọ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń bọ̀wọ̀ lè ṣe é, torí ìlànà ló ní kó ṣe é. Kì í tún ṣe àfojúdi mọ́.

Ẹ sì wo èso rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 1989, ẹ́ńjìnnì ìrù United 232 fọ́, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ sì kú. Al Haynes, ọ̀gá awakọ̀, ò díbọ́n pé òun mọ ohun tí òun yóò ṣe. Awakọ̀ kan tó jẹ́ olùkọ́, tó wà láàárín àwọn arìnrìn-àjò, wá ràn wọ́n lọ́wọ́, òun ló ń fi ọwọ́ darí agbára ẹ́ńjìnnì méjì tó kù. Ènìyàn 184 yè nínú 296, níbi tí gbogbo ènìyàn ò bá ti kú. Haynes ò yé sọ láyé rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn ló gbà wọ́n.

---

Olórí-Ikọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ti sọ̀rọ̀ lórí bí ìjàǹbá ṣe ń wá. Lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń mú kí ilé-iṣẹ́ kan tètè gbéra, tí òmíràn á wà ní ilẹ̀?

---

Ẹnjiníà Àgbà

Iná méjì ni mo máa fi dáhùn.

Ọjọ́ 1 oṣù kejì 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin ní Kariya ní Jàpáánì. Aisin ló ń ṣe ẹ̀yà kékeré kan tó ń darí bíréèkì fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ Toyota. Toyota kì í kó ọjà pamọ́, torí náà ìwọ̀nba wákàtí péré ni èyí tó wà nílẹ̀ lè gbé, àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀yà náà fúnra wọn, títí kan Brother tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Wọn ò kọ́kọ́ jókòó dúnàá-dúrà owó. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ fi tún ń jáde. Ẹni tó bá ti ń bá ọ ṣe iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, tí o kò rẹ́ ẹ jẹ nígbà tó dára, kì í béèrè àdéhùn kí ó tó sáré wá lọ́jọ́ iná.

Ìkejì, ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2000, àrá sán, iná kékeré kan sì jó ní ilé-iṣẹ́ Philips ní Albuquerque ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà fóònù fún Nokia ti Fínlándì àti Ericsson ti Swídìn. Ìròyìn kan náà ló dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ní Nokia, ọ̀rọ̀ náà gun òkè kíákíá. Wọ́n ń pe Philips lójoojúmọ́, wọ́n ń wá ẹ̀yà náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n tún àwòrán fóònù kan ṣe kí ó lè gba ẹ̀yà mìíràn. Ní Ericsson, àwọn tó gbọ́ ọ nísàlẹ̀ rò pé nǹkan kékeré ni, ó sì pẹ́ kí ó tó dé etí àwọn ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n jí, kò sí ẹ̀yà mọ́ lọ́jà. Wọ́n pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là, ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n sì da iṣẹ́ fóònù wọn pọ̀ mọ́ ti Sony.

Fínlándì àti Swídìn, aládùúgbò ni wọ́n.

---

Aṣírò-Owó

Mo fẹ́ fi kún ti Aisin pé ìfarakínra yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, tí ojú ń ti wọ́n láti já ara wọn kulẹ̀, wọ́n lè bo ara wọn mọ́lẹ̀ nígbà tó yẹ kí ẹnì kan kígbe. Ìfẹ́ tó ń gbéni dìde lọ́jọ́ iná lè pa ẹnu mọ́ kí iná tó jó.

---

Ẹyẹ Ojú Sánmà

Òótọ́ ni. Ẹ tún má gbàgbé pé ẹni tó ti kọ́ ọgbọ́n lè gbàgbé rẹ̀. NASA tó pe ìpàdé ọdún 1979 yẹn náà ló rán ọkọ̀ ojú ọ̀run Challenger lọ ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1986. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà Morton Thiokol, ilé-iṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Roger Boisjoly wà lára wọn, ní kí wọ́n má rán an lọ, pé òtútù ti pọ̀ jù fún rọ́bà tó ń dí ojú oríkèé ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti rí i lẹ́yìn ìrìn-àjò ìṣáájú pé iná ń jẹ rọ́bà ọ̀hún. Torí pé ọkọ̀ ń bọ̀ láyọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá lọ, ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ di ohun tí wọ́n mọ́ra. Àwọn ọ̀gá yí ìdájọ́ padà. Ìṣẹ́jú àáyá 73 ni ọkọ̀ lò, àwọn méje kú. Ní 2003, ti Columbia, ọkọ̀ ojú ọ̀run wọn mìíràn, tún ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹnjiníà bẹ̀bẹ̀ fún àwòrán apá ọkọ̀ tí fóòmù kọlù, wọ́n fagi lé e. Méje mìíràn tún kú, ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ sì kọ ọ́ pé àṣà inú NASA dá kún un bí fóòmù náà ṣe dá kún un.

---

Olórí-Ikọ̀

Ọkàn mi gbọgbẹ́ bí mo ṣe ń kà á. Ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀gá ní kí á má fi ìpinnu sọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ṣé ẹ ní èyí tó kan ìyẹn gan-an?

---

Ẹnjiníà Àgbà

Piper Alpha. Ibùdó ìwapo lórí Òkun Àríwá, ọjọ́ 6 oṣù keje 1988, ènìyàn 167 kú. Àwọn aṣiṣẹ́ alẹ́ tan páǹpù kan láì mọ̀ pé wọ́n ti yọ fáàfù ààbò rẹ̀ ní ọ̀sán; ìwé tó yẹ kó sọ fún wọn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó kan ìbéèrè rẹ nìyí: ibùdó méjì mìíràn, Tartan àti Claymore, so mọ́ ọn. Wọ́n ń rí iná náà lókèèrè. Wọ́n ń fún epo àti gáàsì lọ sínú ọ̀pá náà síbẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ gbà pé àwọn ò ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró láì gba ìyọ̀ǹda. Owó ńlá ni dídúró yóò ná wọn.

Ìbẹ̀rù ewu kọ́ ló mú wọn dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni wọ́n bẹ̀rù.

---

Ọ̀rọ̀-Ò-Pọ̀

Ẹ ti yí mi lọ́kàn padà lórí owó, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ kí á wá máa forí ji gbogbo ẹni tó bá ṣe àṣìṣe ni? Ilé-iṣẹ́ á dàrú.

---

Màmá Òṣìṣẹ́

Rárá. Ẹni tó mutí wá síbi iṣẹ́, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, ìyà tọ́ sí i. Ẹni tó ṣe àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe, tó sì fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́, bí a bá jẹ ẹ́ níyà, òun ni ẹni ìkẹyìn tí yóò sọ nǹkan fún wa. Dẹ́ńmáàkì ṣe òfin kan ní 2001 pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó bá jábọ̀ àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní jìyà. Ìjábọ̀ tó ń wọlé ti kéré gan-an tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún kan, ó di ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún. Àwọn àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ ni. Amẹ́ríkà ti ní irú rẹ̀ láti 1976, NASA ló ń gbà á kí àjọ tó lè fìyà jẹ awakọ̀ má baà rí orúkọ ẹni tó jábọ̀.

---

Olórí-Ikọ̀

Mo ti mọ ohun tí máa ṣe. Mi ò ní bá ọ̀gá jiyàn lórí àtẹ rẹ̀. Máa bi òun àti ikọ̀ méjèèjì ní ìbéèrè mẹ́ta: ìròyìn burúkú wo ni òṣìṣẹ́ kékeré mú wá kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ló lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó mú un wá? Máa wá béèrè àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ tuntun lè dá iṣẹ́ dúró láì dúró de ìyọ̀ǹda.

---

Aṣírò-Owó

Kó àṣẹ yẹn sínú ìwé, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró, tí a wá rí i pé kò sí ewu níbẹ̀, owó tí ìdádúró náà ná wa kò ní wọ àkọsílẹ̀ ẹ̀ka tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń kú.

---

Màmá Òṣìṣẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan nínú àwọn ará ibẹ̀ bá lò ó, rí i pé ìwọ lo kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, níṣojú gbogbo ikọ̀, kí ẹ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá òótọ́ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wá sọ bó ṣe lọ fún wa níbí.